Ẹni tí èdè Scots àtijọ́ ń pè ní "leal"

Ẹnìkan tó ń gbé ní ìlú Glasgow kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Ó ní níbi ìsìnkú aládùúgbò òun, wọ́n kọ orin kan tó ń sọ nípa "the Land o' the Leal", omijé sì ń bọ́ lójú àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó wo ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó rí ni pé "leal" ni ẹni tó ń tẹ̀ lé ọba tàbí ọ̀gá rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Ó wá fẹ́ mọ ohun méjì: ṣé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, àti pé bí ó bá jẹ́ ìwà òtítọ́ ni àwọn ará Skọ́tlándì ń fi í sọ, kí ló dé tí wọn kò lo "honest" tí gbogbo ènìyàn mọ̀?

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nínú èdè Scots àtijọ́, ẹni tó jẹ́ leal ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé níwájú adájọ́, níwájú ọ̀rẹ́ àti níwájú ọ̀tá pàápàá, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò yàtọ̀ síra wọn. Títẹ̀lé ọba wà lára àwọn ẹ̀ka rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbòǹgbò rẹ̀. Ó dùn mí pé ìwé atúmọ̀ kékeré mú ẹ̀ka yẹn nìkan, ó sì fi gbòǹgbò sílẹ̀, torí pé ọ̀kan lára àwọn èrò tó jinlẹ̀ jù lọ tí èdè náà ní nípa ìwà ọmọ ènìyàn ni.

Orin tí ẹ gbọ́ yẹn gan-an lè jẹ́rìí sí ohun tí mo sọ. Carolina Oliphant, tí a mọ̀ sí Lady Nairne, tó gbé ayé láàárín 1766 àti 1845, ló kọ ọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi tu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú nínú. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò fún ìgbà pípẹ́ pé Robert Burns, gbajúmọ̀ akéwì Skọ́tlándì, ló ni orin náà. Inú ìdílé tó fi ẹ̀mí àti dúkìá jìyà nítorí àwọn ọba Stuart tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ni wọ́n bí i sí, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì wá láti ara orúkọ Charles tó jẹ́ ọmọ ọba nínú ìdílé náà. Obìnrin yìí mọ ohun tí títẹ̀lé ọba jẹ́. Síbẹ̀, nínú orin yìí, kò dárúkọ ọba kankan. Ẹni tó ń kú lọ ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé òun ń lọ síbi tí ìbànújẹ́ àti òtútù kò sí, níbi tí ọmọ wọn tó ti kú ti ṣáájú wọn lọ. Ọ̀run ni ilẹ̀ náà, kì í ṣe Skọ́tlándì gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń rò, àwọn tí wọ́n sì ń pè ní leal níbẹ̀ ni àwọn tí kò yẹ àdéhùn tó wà láàárín wọn àti Ọlọ́run, àti èyí tó wà láàárín wọn àti ẹnìkejì wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà ju orin náà lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ pé èdè Scots kì í ṣe Gaelic tí wọ́n ń sọ ní àwọn òkè àti erékùṣù apá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni òun àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni èdè ààfin, èdè ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti èdè kóòtù ní Skọ́tlándì kí ọba kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọba lórí Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1603. Ohun tí wọ́n fi èdè náà kọ títí di nǹkan bí 1700 ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Scots àtijọ́. William Craigie, ọmọ bíbí ìlú Dundee, ló bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ ńlá fún un. Apá àkọ́kọ́ jáde ní 1931, gbogbo rẹ̀ sì parí ní 2002 ní ìdìpọ̀ 12, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ wá "leal" níbẹ̀, ẹ wo abẹ́ "lele", torí pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn, tàbí "leil" tàbí "leill", nínú èyí tí lẹ́tà "i" tó tẹ̀ lé fáwẹ̀lì kò ní ìró tirẹ̀, àmì pé kí a fa fáwẹ̀lì náà gùn ni.

Inú òfin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Èdè Látìnì ní "legalis", ohun tó bá òfin mu. Èdè Faransé àtijọ́ gbà á, ó sọ ọ́ di "leial" àti "leel", láti ibẹ̀ ló sì ti wọ inú Scots. Gbòǹgbò kan náà ni "legal" àti "loyal" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ti hù. Nínú òfin àtijọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní "legalis homo" ni ọkùnrin tí òfin kò lé kúrò láàárín ìlú, tí wọn kò sì ká ìbúra èké mọ́ ọn lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé ó lè jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣèwádìí ẹjọ́, ó sì lè jẹ́rìí kí wọ́n gbà á gbọ́. Nítorí náà ni ẹ ó ṣe máa rí i nínú àwọn ìwé àdéhùn àti ìwé kóòtù Skọ́tlándì pé ẹ̀rí tó yẹ kí ènìyàn jẹ́ ni ẹ̀rí tó "leil" tó sì "suthfast". Suthfast ni ohun tó dúró lórí òtítọ́ láìmì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí máa ń rìn pọ̀ torí pé iṣẹ́ wọn kò jọra: suthfast ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tí a sọ pé ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, leil sì ń sọ nípa ẹni tó sọ ọ́. Ènìyàn burúkú lè ṣèèṣì sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kan. Òfin fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dára, ó sì tún fẹ́ kí ẹnu tó ti jáde dára.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú kóòtù tó sì fi í ṣe òpó ìwà ọmọ ènìyàn, nínú àwọn ohun tó kù sílẹ̀ fún wa láti kà, ni John Barbour, àlùfáà àgbà ní Aberdeen, tó kọ ewì gígùn kan ní nǹkan bí 1375 nípa Ọba Robert Bruce àti ogun tí àwọn ará Skọ́tlándì bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà. Nígbà tí ó dé orí James Douglas, tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọba, ó dá ìtàn dúró díẹ̀ láti sọ irú ènìyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. Ó ní Douglas fẹ́ràn "leawte" ju ohun gbogbo lọ, èyí tí í ṣe orúkọ ìwà tí ẹni leal ń hù. Pé lele ni nínú gbogbo ìṣe rẹ̀. Pé kò sì jẹ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti bá ìwà ọ̀dàlẹ̀ àti èké da nǹkan pọ̀. Ó wá fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ lélẹ̀. Ó ní ẹni tó ní ìwà rere kan ṣoṣo péré tó sì ní leawte mọ́ ọn, onítọ̀hún ti tó ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní leawte, ìbáà ṣe akíkanjú, ìbáà ṣe ọlọ́gbọ́n, kò ní iyì kankan, nítorí pé níbi tí leawte bá ti yẹ̀, kò sí ìwà rere mìíràn tó níye lórí tó láti sọ ènìyàn di ẹni tí a lè pè ní ènìyàn rere láìfi ohunkóhun kún un.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Barbour kò ka leawte mọ́ àwọn ìwà rere bí ẹni ń ka owó. Ohun tó ń sọ ni pé òun ló ń fún àwọn yòókù ní iye wọn: ìgboyà ẹni tí kò leal, ewu ni fún àwọn tó yí i ká, ọgbọ́n rẹ̀ sì di ọgbọ́n àrékérekè. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà kọ nípa ìwà àwọn jagunjagun, èyí tí wọ́n sì fi ń yin akínkanjú pọ̀ nínú wọn ju èyí tí wọ́n fi ń yin olóòótọ́ lọ. Ti Barbour yàtọ̀, mo sì gbà pé ipò tí Skọ́tlándì wà ló fà á. Ní ìgbà ogun náà, àwọn ìjòyè ń búra fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, wọ́n ń búra fún Bruce lọ́la, Bruce pàápàá sì ti búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì rí. Ibi tí ìbúra ti di ohun tó rọrùn báyìí láti jẹ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ ti máa ń ṣọ̀wọ́n.

Ní ìparí ewì náà ni ìdáhùn tó lágbára jù wà fún ẹni tó bá rò pé leal kò ju ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn tí Douglas kú ní Spéènì ní 1330, níbi tó ti ń gbé ọkàn Bruce tó ti dolóògbé lọ sójú ogun, Barbour wá ẹni tí yóò fi wé e, ẹni tó sì mú ni Fabricius, ọ̀gágun Róòmù tó bá Ọba Pyrrhus jagun ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Oníṣègùn Pyrrhus wá bá Fabricius ní ìkọ̀kọ̀, ó ní òun yóò pa ọba òun fún un. Fabricius kọ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Pyrrhus, ọ̀tá rẹ̀, kí ó ṣọ́ra fún oníṣègùn rẹ̀. Kò sí ọba tí Fabricius ń sìn, Pyrrhus kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ikú Pyrrhus ì bá sì ṣe ìlú rẹ̀ láǹfààní. Àpẹẹrẹ yìí ni Barbour yàn láàyò láti fi hàn wá bí ẹni lele ṣe ń ṣe, ìyẹn ẹni tí kò jẹ́ gba ìṣẹ́gun tí ìwà ọ̀dàlẹ̀ bá mú wá.

N kò ní fi ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Douglas yìí kan náà ló dé bá àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ ilé olódi bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ní 1307, tó kó àwọn tó mú nínú wọn lọ sí ilé olódi náà, tó bẹ́ wọn lórí lé orí oúnjẹ àti ọtí tí wọ́n kó jọ síbẹ̀, tó sì dáná sun gbogbo rẹ̀. Barbour sọ ìtàn náà láìbá a wí. Lójú rẹ̀, bíba de ọ̀tá nínú ogun kì í ṣe dídalẹ̀, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí Douglas bá àwọn ènìyàn náà sọ tó yẹ̀. Èmi gbà pé àléébù ńlá nìyẹn nínú èrò náà: ó di ẹnu àti ọwọ́ ènìyàn mú síbi àdéhùn, ṣùgbọ́n kò fi dandan kọ́ ọ láti ṣàánú. Síbẹ̀, ẹ má rò pé ojúsàájú ló ń ṣe Barbour ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí Bruce pa John Comyn, ìjòyè tó ń bá a du agbára, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Dumfries ní 1306, akéwì náà sọ ọ́ gbangba pé ọba òun ṣe àṣemáṣe ńlá, nítorí pé kò bọ̀wọ̀ fún pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni lè sá sí.

Láàárín nǹkan bí 1442 sí 1603, ọ̀rọ̀ náà wọ inú irú ìwé àdéhùn kan tí òpìtàn Jenny Wormald fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "bond of manrent". Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan á fi ọwọ́ sí i pé òun yóò jẹ́ ènìyàn ìjòyè kan, ìjòyè náà á sì ṣe ìwé tirẹ̀ pé òun yóò dáàbò bo onítọ̀hún. Ohun tí wọ́n ń ṣèlérí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo wọn: n kò ní gbọ́ tàbí kí n rí ohun tí yóò pa ọ́ lára kí n má kìlọ̀ fún ọ, kí n sì dí i lọ́nà bí agbára mi bá ṣe mọ, bí o bá béèrè ìmọ̀ràn, èyí tó dára jù tí mo mọ̀ ni n ó fún ọ, bí o bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí hàn mí, n ó pa á mọ́. Wọ́n sì máa ń yọ ti ọba sọ́tọ̀, pé ìlérí yìí kò gbọdọ̀ tako ohun tí wọ́n jẹ ọba. Ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ràn tó dára jù ni wọ́n ṣèlérí, kì í ṣe ìmọ̀ràn tó dùn mọ́ ìjòyè létí. Ẹni tó ń fi "bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi" dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ kò tíì san gbèsè inú ìwé náà.

Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń tò tẹ̀ léra: leil, trew, ìyẹn olóòótọ́, àti "afald". Afald ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tó jẹ́ ìṣẹ́po kan ṣoṣo, bí aṣọ tí a tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi nǹkan pamọ́ sí abẹ́ ìṣẹ́po rẹ̀. Wọ́n ń lò ó fún Ọlọ́run, pé Ẹni Mẹ́talọ́kan jẹ́ Ọlọ́run afald kan ṣoṣo, wọ́n sì ń lò ó fún ènìyàn tí kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì. Ó ṣì wà nínú Scots òde òní gẹ́gẹ́ bí "aefauld", bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ni ènìyàn ti máa ń bá a pàdé ju orí ahọ́n lọ.

Ohun tó dojú kọ gbogbo èyí ni "falset". Èké ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin pẹ̀lú, pàápàá fún ẹni tó bá yí ìwé tàbí tó ṣe ayédèrú rẹ̀. Robert Henryson, olùkọ́ ní Dunfermline ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, pa ìtàn kan tó fi hàn bí falset ṣe lè wọ aṣọ òfin. Ajá pe Àgùntàn lẹ́jọ́ pé ó jẹ òun ní búrẹ́dì. Ìkookò ni adájọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni akọ̀wé, ẹyẹ ìwò ló lọ fi ìwé ìpè jíṣẹ́, àwọn ẹyẹ apẹran jẹ sì ni lọ́yà. Àgùntàn sọ pé ọ̀tá òun ni adájọ́, wọ́n yan àwọn mìíràn láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, àwọn yẹn náà sì dá a lẹ́bi. Ó ta irun ara rẹ̀ láti san ohun tí kò jẹ, ó sì padà sí pápá ní ìhòòhò nínú òtútù, níbi tó ti ń bi Ọlọ́run léèrè pé kí ló dé tó fi sùn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ kóòtù ni wọ́n tẹ̀ lé bó ṣe yẹ. Kìkì ẹni leil kan tí ì bá jẹ́rìí ni kò sí níbẹ̀.

Mo dé orí ìbéèrè kejì, ti "honest". Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Scots àtijọ́, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni òun àti leal ń ṣe. Honest ni ẹni tó níyì láwùjọ, tí aṣọ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti bó ṣe ń gbàlejò bá ipò rẹ̀ mu. Òwe kan wà tí James Kelly kó sínú ìwé rẹ̀ ní 1721, "Honesty is nae pride". Ẹni tó bá ń múra wúruwùru ni wọ́n ń pa á fún, pé mímúra bó ṣe yẹ kì í ṣe ìgbéraga. Ojú ni a fi ń rí honest. Leal kò hàn lójú. Ó di ọjọ́ tí ìdánwò bá dé. Nítorí náà ni òwe tó jẹ ti leal fi jẹ́ "Leal heart leed never", ọkàn leal kò purọ́ rí, tó wà nínú àkójọ òwe David Fergusson tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1641, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkàn ló dárúkọ, kò dárúkọ aṣọ.

Òwe mìíràn wà tó mú ìtumọ̀ méjèèjì súnmọ́ra, tó ní òtítọ́ àti "honesty" ló ń rìn ní "crown o' the causey". Ní àwọn ìlú Skọ́tlándì àtijọ́, wọ́n máa ń gbé àárín títì tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ga, kí omi àti ìdọ̀tí lè ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san, tàbí tó ṣe ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ń rìn láàárín, lórí ibi gíga tó gbẹ, níbi tí gbogbo ìlú ti lè rí i.

Burns ló wá yí ọ̀rọ̀ honest padà. Nínú orin kan tó kọ ní 1795, ó bọ́ aṣọ kúrò lára ọ̀rọ̀ náà pátápátá: ó ní ẹni honest, bó ti wù kó tálákà tó, òun ni ọba láàárín ènìyàn, ẹni tó wọ ṣẹ́dà sì lè jẹ́ òmùgọ̀. Láti ìgbà náà ni honest ti ń gba púpọ̀ lára iṣẹ́ tí leal ń ṣe tẹ́lẹ̀, orin yẹn náà sì ni Sheena Wellington kọ nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tlándì ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1999, tí àwọn aṣòfin fúnra wọn bá a gbe ẹsẹ ìkẹyìn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ honest lẹ́nu ará Glasgow lónìí, ẹ lè gbà á bí ìwà òtítọ́ bí ẹ ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n Lady Nairne kò lè fi í rọ́pò leal nínú orin rẹ̀, torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀ kò nílò kí wọ́n sọ fún un pé àwọn tó ti lọ níyì lójú aráyé. Ohun tó nílò ni ìdánilójú pé ìlérí tó wà láàárín wọn kò tíì yẹ̀.